Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dáhùn

"Àná ló yẹ kí n ti bá yín sọ̀rọ̀," ni ohùn ọkùnrin kan wí nínú fóònù, "ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí aládùúgbò Màmá fún mi kò pé. Òwúrọ̀ yìí ni mo tó rí i gbà tán."

Ọwọ́ òsì ni obìnrin tó ń gbọ́ ọ fi gbé fóònù náà sétí. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún náà ló sì fi di àwo oníhò kan mú, irú èyí tí wọ́n fi ń dán ẹ̀jẹ̀ wò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú àpótí olóoru. Ní ilé ìwádìí yìí, Ìyá Awò ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹni tó bá wọlé láàárọ̀, àtàrí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí: ojú rẹ̀ á ti wà lórí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Kò tíì lọ́kọ, kò tíì bímọ. Wọ́n ní awò náà ló bí.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́?"

"Apòògùn ni mí, ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkángun òpópónà ìyá yín. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ bàbá tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí yín. Màmá wá ra hóró oògùn wọn, mi ò sì tà á fún wọn. Oògùn ara wíwú ni, ó lágbára, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lò ó láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Wọ́n ní láti ìgbà òjò làwọn ti ń lò ó. Láràárọ̀."

"Ìyá ta lẹ ń wí?"

"Ìyá aránṣọ. Àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn rí róbótó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n já a dúró lójijì o. Ara ti gbára lé e. Bí a bá já a gbà lọ́wọ́ ara bẹ́ẹ̀, ó lè gbé wọn ṣánlẹ̀. Ẹ kàn mú wọn lọ rí dókítà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì wo àwo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e lé e lọ́wọ́.

Láti ìgbà òjò. Kí ni wọn ò tíì ṣe láti ìgbà òjò? Gbogbo iṣẹ́ oògùn oríkèé tuntun tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ dán wò, àárín ìgbà òjò sí ìsinsìnyí ni wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ìpè yìí wọlé lánàá, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ì bá sáré kọjá ọgbà lọ sí ilé ìwòsàn tó dojú kọ wọ́n, ì bá sì ní kí wọ́n dúró ná. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ọmọ́yẹ ti rìn ìhòòhò wọjà. Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ gbé oògùn náà mì.

Ó máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìyá bá ń ká aṣọ. A máa sọ ọ́ bí ìtàn. Á ní nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀ tí kì í sùn. Bí àjèjì kan bá fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà ẹ̀ṣọ́ kan, ẹnu ọ̀nà yóò ta ọ̀dẹ̀dẹ̀ lólobó, ońṣẹ́ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò gbé ọ̀rọ̀ náà, yóò fi lé ońṣẹ́ kejì lọ́wọ́, títí yóò fi dé yàrá inú lọ́hùn-ún níbi tí àṣẹ wà. Ibẹ̀ ni àṣẹ yóò ti jáde, ẹ̀ṣọ́ yóò sì ké gbàjarè. Àwọn yòókù á rọ́ dé, tàwọn ti ooru, tàwọn ti omi. Ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á máa ta ni. Iṣẹ́ rere ni bó bá jẹ́ pé olè wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara àwọn kan wà tí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ń ké nígbà tí kò sí olè. Àwọn tó wá gbèjà kò rí ẹni lù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ilẹ̀kùn onílé. Oríkèé ni wọ́n fẹ́ràn jù. Oògùn tuntun yìí kò pa ẹ̀ṣọ́, kò sì di ẹnu rẹ̀. Ońṣẹ́ kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kàn dì lápá mú, kí ariwo má baà dé yàrá inú.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹ ti rí olófòófó dé inú ẹ̀jẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá oògùn náà ṣiṣẹ́ nìyí. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le, wọ́n á ya àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ́tọ̀ sínú ihò kéékèèké inú àwo, wọ́n á fi awọ kòkòrò tó ti kú dẹ́rù bà wọ́n. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kán omi kan sí i. Níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ti ké dáadáa, omi náà á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí pupa inú ẹyin. Níbi tí wọ́n bá ti dákẹ́, á mọ́ lóló. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn yòókù ń yí padà bí ojú ọjọ́: òní á ké, ọ̀la á kùn. Ti ìyá rẹ̀ nìkan ló dúró sójú kan. Bí o bá pè é, á dáhùn. Nígbà tí Ọ̀gá rí èyí, ó ní ẹ̀jẹ̀ Màmá ni kí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Ìwọ̀n oògùn tó kéré jù tó bá pa tirẹ̀ lẹ́nu mọ́ ni wọ́n á fún aláìsàn.

Ó sì kéré lóòótọ́. Ó kéré débi pé gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjì kan tó yàtọ̀ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé oògùn náà gbọ́dọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa kí àwọn tó dákẹ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n fi àwọn yẹn sílẹ̀, aláriwo lásán ni wọ́n. Lẹ́yìn náà, ihò ẹ̀jẹ̀ Màmá tí wọn kì í kán oògùn sí rárá, tó yẹ kó pọ́n jù lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní omi ìdánwò ló ti pẹ́. Wọ́n ra òmíràn.

Ìyá Awò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tó burú ju omi ìdánwò lọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Òfin wà lórí àga tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹni tó mọ bí a ṣe ń wá iṣan láì mú ni ké, ló máa ń béèrè. Á wo ojú ẹni tó jókòó, á ní: "Kí lẹ lò lọ́sẹ̀ yìí? Ti orí fífọ́? Ti ikọ́? Ti ara ríro?" Á sì dúró de ìdáhùn. Ó ti dá olùkọ́ kan padà sílé rí nítorí hóró orí fífọ́ kan péré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ jókòó, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fà sẹ́yìn. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ni màmá. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bi wọ́n." Báwo lọmọ ṣe máa dúró níwájú ìyá rẹ̀ kó máa wádìí rẹ̀ lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá? Ó ti fẹ̀rín sí i. "Màmá, kò sí oògùn kankan lára yín, àbí?" Ìyá náà fẹ̀rín sí tirẹ̀: "Oògùn kí ni? Ṣé mo jọ aláìsàn lójú yín?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é látìgbà náà. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, tí ó ń dán, wọ́n á tún fi kún un pé, "Ara mà dẹ Màmá o. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń jẹ."

Oògùn yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ìwé tó kà ní ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú àwòrán. Ìyá tirẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ láti ìgbà òjò pẹ̀lú àwòrán náà lójú, òun sì ń kí i kú ìgbádùn.

"Ìyá Awò! Awò ti bímọ lónìí?"

Ọ̀gá ló wọlé. Kì í sábà ṣàwàdà, ó sì hàn pé kò sùn dáadáa látàrí ayọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Bàbá tó ń tún aago ṣe yẹn ló kọ́kọ́ gbé e mì lánàá. O rántí rẹ̀? Ẹni tí wọ́n ń bá de bọ́tìnì. Ó ní bí ìka òun bá tún lè di abala aago mú, aago ògiri wa yìí, ọ̀fẹ́ lòun máa tún un ṣe."

"Sà, ṣé wọ́n ti dá oògùn àtijọ́ wọn dúró?"

"Pátápátá! Bí méjì bá wà nínú ara, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́?"

Ọ̀gá wò ó.

"Kí ló dé?"

Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀. Ó ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá ẹni, a kì í ti ẹnu apòògùn gbé e lọ síwájú ọ̀gá ẹni, láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín. "Mo fẹ́ sáré dé ilé ìyá mi, sà. Nígbà wo làwọn aláìsàn máa tún lò ó?"

"Ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni." Ó ti ń lọ. "Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ló gbé wa débí."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. "Àǹtí, ojú yín ò dáa. Àwo tòní ti bàjẹ́ ni?"

"Gbé e sí fíríìjì," ló dá a lóhùn. "Má dà á nù o."

Ilé ìyá rẹ̀ kò jìnnà. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ó kọjá lára ògiri gígùn tí oòrùn ti ń lù láti òwúrọ̀. Bó ṣe ń lọ, irọ́ kan ń bá a rìn, irọ́ tó mọ́ tónítóní, tó dà bí ìwà ọmọlúwàbí. Òun lè sọ pé òun ló ṣi ìgò oògùn gbé nígbà ìdánwò. Kò sí ẹni tí kò lè ṣi ìgò gbé. Wọ́n á bínú sí òun fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á dá oògùn náà dúró, ojú á ti òun, ìyá òun á sì wà níbi tó wà. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó ti ka oríṣiríṣi ìtàn tí ọmọ ti gba ẹ̀bi ru nítorí ìyá. Nínú ìwé, ibẹ̀ ni omijé máa ń bọ́ lójú òǹkàwé.

Ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó rí i pé wọ́n ti fi aṣọ wé ọwọ́ ilẹ̀kùn náà léraléra, bí ìgbà tí a bá di ọgbẹ́. Kò mọ ìgbà tí wọ́n wé e.

"Ta nìyẹn? Haa! Wọ́n ti lé ẹ níbi iṣẹ́ ni? Oòrùn ò tíì dé àárín orí, o ti délé."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá." Ó kúnlẹ̀.

"Àbí ẹ̀jẹ̀ ló tán lọ́hùn-ún? Apá mi rèé o." Ìyá náà na apá sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń dán.

"Apòògùn pè mí, Màmá."

Apá náà padà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ọmọ onírùngbọ̀n yẹn? Ẹnu rẹ̀ ń jò. Àgbà tó ta ṣọ́ọ̀bù fún un, èèyàn ni tiẹ̀. Á gba owó, á fún ẹ ní ọjà, á kí ẹ pé ó dàárọ̀."

"Màmá, ṣé ọwọ́ ń dùn yín?"

Kò fẹ̀rín sí i. Kò fi 'àbí' sí i nídìí. Ó béèrè, ó sì dákẹ́, ó jẹ́ kí ìbéèrè náà jókòó sáàárín wọn. Ìyá rẹ̀ wo ojú fèrèsé, ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lábẹ́ ìborí, ó sì wá wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Láàárọ̀ ló máa ń le," ló wí nígbà tó yá. "Wọ́n á gan bí igi. Mo ní láti kì wọ́n bọ omi gbígbóná kí n tó lè di ife mú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lo hóró yẹn, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo fi òwú wọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó síbí yìí, mo sunkún."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ẹ, kí o ṣe kí ni? Kí ẹ lé mi kúrò lórí àga? Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ẹ ní kí olùkọ́ kan máa lọ ilé nítorí orí ń fọ́ ọ." Ohùn rẹ̀ kò le; ó rẹlẹ̀ ni. "Mi ò lè ránṣọ mọ́, ọmọ mi. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ti kó aṣọ wọn lọ síbòmíràn. Mo ń sọ fún ẹ pé ọjà kò tà. Àga yín yẹn nìkan ni mo ti ń jókòó tí wọ́n á ní, 'Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ti ṣiṣẹ́.' Ọ̀gá yín ń pè mí ní ìyá ilé ìwádìí."

Ìyá Awò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, bí ìtàn, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò dùn lẹ́nu. Ó ní bí ènìyàn méjì bá ń ti ọkọ̀, tí ẹni tó ń wòran kò sì rí ju ẹnì kan lọ, yóò rò pé ẹni náà lágbára bí erin. Hóró tí Màmá ń lò ti pa àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu mọ́ dé ìdajì kí wọ́n tó dé inú àwo. Oògùn tuntun kàn parí ìyókù ni, òun ni wọ́n sì fi gbogbo ìyìn fún. Ní báyìí, wọ́n ti fún bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní ìwọ̀n tí kò lè dá ońṣẹ́ kankan dúró, wọ́n sì ti gba èyí tó ń ràn án lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ìka tirẹ̀ náà ni?"

"Ìka ni, Màmá. Ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ti jẹ lára oríkèé kì í padà sípò."

Ìyá náà pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fi wọ́n sáàárín itan bí ẹni tí òtútù ń mú. Ọmọdé kan ń sunkún ní ilé kejì. Ìyá ọmọ náà ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tí ẹkún náà dákẹ́, Màmá ní:

"O ò lè sọ pé o ṣi ìgò gbé ni? Wọn ò ní lé ẹ. Wọ́n fẹ́ràn rẹ níbẹ̀. Èmi náà, mi ò ní lo nǹkan yẹn mọ́ láti òní."

"Ẹ ò gbọ́dọ̀ já a dúró lójijì!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ṣé ó kù nílé?"

"Ó ku méjì."

"Ẹ lo ti ọ̀la bí ẹ ṣe máa ń lò ó. Lẹ́yìn náà, èmi àti ẹ̀yin ń lọ rí dókítà."

Ìyá rẹ̀ mi orí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá Awò mọ ohun tó ń bẹ̀ fún, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti gbé irọ́ náà dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá rò ó síwájú. Bí ó bá ní òun ṣi ìgò gbé, Ọ̀gá á bínú, lẹ́yìn náà á ní, ó dáa, ẹ pe Màmá wá ká tún un ṣe. Wọ́n á gbé àga síta. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á fà sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ á jókòó, á na apá, gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín.

Ó gbójú sókè. Aṣọ tí ìyá rẹ̀ wọ̀ jẹ́ búláwúsì gbọọrọ tí a kàn ń ki orí bọ̀. Kò ní bọ́tìnì. Èyí tó wọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní, èyí tó wọ̀ lọ síbi ìkómọ aládùúgbò kò ní. Obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gán bọ́tìnì mọ́ aṣọ àwọn ẹlòmíràn ti tú ti ara rẹ̀ dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ sì ti yin aṣọ náà. Ó ní, "Màmá, ẹ mọ àrà tuntun o." Ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ìyá yìí lábẹ́ awò lójoojúmọ́, ó mọ bó ṣe ń ké àti bó ṣe ń dákẹ́, kò sì sí ohùn tó mọ̀ tó o láyé. Ohun tó mọ̀ nípa ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà kò kún ihò kan ṣoṣo nínú àwo.

Ó dìde, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì mú, kò fún wọn. Wọ́n gbóná díẹ̀ ní oríkèé.

"Màmá, mò ń padà lọ bá Ọ̀gá nísinsìnyí, kí bàbá yẹn tó gbé ti ìrọ̀lẹ́ mì. Màá sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ yín ni, pé oògùn wà nínú rẹ̀, àti pé èmi tó yẹ kí n bi yín, mi ò bi yín. Mi ò ní purọ́ ìgò kankan. A ò sì ní gba ẹ̀jẹ̀ lára yín mọ́."